Afẹ́fẹ́ Tó Ṣẹ́kù Nínú Àgbá

Àtàǹpàkò ọkùnrin panápaná kan ni. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún, nínú ìbọ̀wọ́ tó nípọn bí awọ màlúù. Ó gbé e kúrò lára ògiri. Ó mú un wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbà á kọjá lórí àyà, títí ó fi kan aago kékeré tó so mọ́ èjìká rẹ̀, aago tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ inú àgbá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe kù sí. Ó nu èéfín ojú dígí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò wò ó. Ó fi àtàǹpàkò náà bò ó mọ́lẹ̀, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ bo ọmọdé lójú kó má baà rí ohun tí kò yẹ kó rí.

Lẹ́yìn náà ni fèrè ara àgbá dún.

Fèrè yẹn kì í gba ẹ̀bẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ inú àgbá bá ti fẹ́ tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í han, fíìn, láìdákẹ́. Àwọn panápaná kì í sì í dá wọ inú iná. Méjì-méjì ni. Òfin ibẹ̀ kúrú: ẹni tí fèrè rẹ̀ bá kọ́kọ́ dún, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ló ń jáde. Kò sí pé ìwọ máa lọ, èmi ń bọ̀. Àwọn méjèèjì.

Ilé ìkẹ́rùsí tó ń jóná ni òun àti ẹnìkejì rẹ̀ wà lọ́jọ́ náà. Páálí láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Ní ìkángun ọ̀nà tóóró kan, lẹ́yìn ilẹ̀kùn irin, ẹnì kan ń kan nǹkan. Wọ́n ń gbọ́ ọ. Kíkàn náà ti ń rọlẹ̀.

Obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ yíjú padà. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó fọwọ́ lu èjìká rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ni pé ó tó, a ń jáde.

"Ẹ jẹ́ ká dé ilẹ̀kùn yẹn, Ẹ̀gbọ́n."

"Jáde."

Wọ́n jáde. Àwọn méjì mìíràn fẹ̀gbẹ́ kàn wọ́n lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń wọlé lọ, àwọn yẹn ló sì gbé ọlọ́dẹ ilé ìkẹ́rùsí náà jáde. Kò kú. Ó pẹ́ nílé ìwòsàn, ohùn rẹ̀ kò sì padà bí ó ṣe wà.

Nígbà tí wọ́n bọ́ àgbá sílẹ̀, ti ọkùnrin panápaná náà ti gbẹ. Nǹkan bí ìdajì ṣì wà nínú ti Jẹ́jẹ́. Ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n gbà wọlé. Irú àgbá kan náà. Iṣẹ́ kan náà. Ohun tó ń jẹ ọkùnrin náà lẹ́ran ara ju iná lọ nìyẹn.

Katakata ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá rí i, ẹ ò ní béèrè ìdí. Àyà bí ilẹ̀kùn ọgbà. Itan tó jẹ́ pé ṣòkòtò ọjà kan kì í gbà á. Lẹ́yìnkùlé ilé iṣẹ́ panápaná, ó ní táyà tírélà kan tó ń bá jà. Á fi òòlù lù ú. Á yí i dànù, á tún yí i padà. Á gbé àpò yanrìn lé ọrùn, á fi gbogbo ara sáré lọ dé ògiri, á sinmi díẹ̀, á tún sáré padà. Títí yóò fi bì. Ó ní èébì ni ẹ̀rí pé èèyàn ṣiṣẹ́.

Kò sì parọ́ agbára. Ohun gbogbo tí kò bá ti pẹ́, Katakata lọ̀gá rẹ̀. Fífọ́ ilẹ̀kùn. Gbígbé èèyàn. Fífa rọ́bà omi tó ti kún. Ṣùgbọ́n iná kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá pè é sí ọ́fíìsì. Yàrá kékeré, fáànù tó ń pariwo ju bó ṣe ń fẹ́ lọ, ife tíì kan tó ti tutù lórí tábìlì.

"Jókòó."

"Ẹ ṣé, sà. Mo fẹ́ràn kí n dúró."

"Bí o ṣe fẹ́. Ìgbà wo ni Jẹ́jẹ́ lo afẹ́fẹ́ ẹ̀ tán gbẹ̀yìn?"

"Mi ò rántí, sà."

"Èmi náà ò rántí. Torí pé fèrè tìẹ ló máa ń lé e jáde. Ọlọ́dẹ yẹn ò kú, a dúpẹ́. Mi ò fẹ́ máa dúpẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹn mọ́." Ó gbé ife tíì, ó wo inú rẹ̀, ó gbé e padà. "Ìdánwò ilé gíga ń bọ̀. Wàá gbé àgbá kọ́rùn, wàá gun òkè, wàá fa rọ́bà, wàá wọ́ èèyàn tí a fi àpò yanrìn ṣe, wàá sọ̀ kalẹ̀. Tí fèrè bá dún kí ẹsẹ̀ ẹ tó kan ilẹ̀, ìdí pọ́ǹpù lo máa wà. Níta."

Ẹni tó wà nídìí pọ́ǹpù ló ń fún àwọn ará inú lómi. Bí kò bá sí i, iná á jẹ wọ́n. Gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú Katakata, ńṣe ló dà bíi kí wọ́n ní kí ọkùnrin wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀.

Ó lọ bá táyà. Ó fi kún òòlù. Ó fi kún yanrìn. Nígbà tó tún gbé àgbá kọ́rùn láti fi dánra wò, fèrè tún yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gbìyànjú kó máa sé èémí mọ́nú, bóyá afẹ́fẹ́ á pẹ́. Nígbà tí èémí náà yóò fi jáde, ó gba ìlọ́po mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ bá a níbi tó ti na ara sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, tí èébì wà nílẹ̀.

Obìnrin tó ga, tó tín-ín-rín, tó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Ohun tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ni bó ṣe ń sáré. Láràárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, á yí gbogbo àdúgbò po, pẹ̀lú eré tí ìyá arúgbó tó bá ń kánjú lè bá. Wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

"O kú iṣẹ́. O ti pa ara ẹ tán lónìí. Ọ̀la ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Mò ń bi ẹ́ ni. Èmi ni mò ń bá ẹ wọlé."

"Agbára mi ni ò tíì tó. Màá fi kún un."

"Agbára ẹ tó ó fa ilé ya. Èémí ni kò sí." Ó jókòó sórí táyà. "Pọ́ǹpù ọkọ̀ wa, tó o bá tan án, tó o sì tẹ̀ ẹ́ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé á tu omi?"

"Á tu omi."

"Tó bá jẹ́ bó o ṣe ń ṣe fún un lójoojúmọ́ nìyẹn?"

"Á gbóná. Á kọṣẹ́."

"Ẹn-ẹ́n. Ọkàn ẹ ń sáré bí eku inú garawa, àmọ́ ife tíńtín ló fi ń bu ẹ̀jẹ̀. Eré pẹ̀lẹ́ tó pẹ́, òun ló ń sọ ife di korobá. Korobá kì í kánjú."

"Kí n wá pa táyà tì?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Òrùlé ni táyà. Òrùlé ẹ dáa. Ìpìlẹ̀ ni ò sí lábẹ́ ẹ̀. Máa bá táyà jà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn ọjọ́ tó kù, tèmi ni."

"Ẹ má ṣáà pa òwe ìgbín fún mi."

"Mi ò lówe kankan. Bàtà ni kó o wọ̀ wá."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lójú títì, òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Máa sọ̀rọ̀. Bí èémí bá ti ń já ọ̀rọ̀ sí méjì lẹ́nu ẹ, eré ẹ ti pọ̀ jù, rọra.

"Kí ni kí n máa sọ?"

"Sọ bó o ṣe fẹ́ ìyàwó ẹ."

"Ṣòkòtò ni mo gbé lọ fún un. Pé kó bá mi fi aṣọ kún itan ẹ̀. Ó wá ní..." Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yára. "Ó ní... aṣọ tí òun..."

"Padà sẹ́yìn."

"Mi ò tíì ṣe nǹkan kan."

"O ti ń bá táyà jà. Padà sẹ́yìn."

Ó padà sẹ́yìn. Oníbúrẹ́dì kan tó ń ti ọmọlanke bọ̀ láti ẹ̀yìn yà wọ́n sílẹ̀. Ó yíjú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ kú ìrìn o."

"Ìrìn kọ́," ni Katakata wí. "Eré là ń sá."

Oníbúrẹ́dì wo ẹsẹ̀ wọn. "Háà. Ẹ má bínú."

Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń dun Katakata láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ojú tó ń tì í ni.

Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ délé. Iṣẹ́ télọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ń ṣe nínú pálọ̀ wọn, láàárín àpò òwú tó fi ń kún tìmùtìmù. Òwú lórí àga, òwú nínú bàtà, òwú nínú irun ọmọ.

"Dádì wa, wọ́n ní ẹ ti ń sáré."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Oníbúrẹ́dì. Ó ní òun kí yín kú ìrìn, ẹ sì lejú mọ́ òun." Ó rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yọ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Katakata ń bá eré náà lọ. Ó ń bínú, ó ń bá a lọ. Ó parí ìtàn ìgbéyàwó rẹ̀ fún Jẹ́jẹ́. Ó sọ ti àna rẹ̀ tó ń pe panápaná ní iṣẹ́ olómi. Ó sọ ti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti lé e nítorí ìjà. Àwọn ọ̀rọ̀ ti ń gùn lẹ́nu rẹ̀, kò fura. Ìyàwó rẹ̀ ní kì í hanrun mọ́. Katakata ní bóyá ìrọ̀rí tuntun ni. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì gun àtẹ̀gùn ilé wọn, ó ń bá alájọgbélé jiyàn bọ́ọ̀lù bó ṣe ń gòkè lọ, kò sì dúró mí. Ẹni tó ń bá a jiyàn ló dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Èébì ní ẹ̀rí. Ìrora ní ẹ̀rí. Eré pẹ̀lẹ́ kò ní ẹ̀rí kankan. Èèyàn á sáré tán, á dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Bí ìdánwò ti ń sún mọ́lé, kò jẹ́ gbé àgbá kọ́rùn dánra wò mọ́. Kò fẹ́ mọ ìgbà tí fèrè náà máa dún.

Ó dàárọ̀ ìdánwò. Kó tó jáde nílé, ó fa òwú díẹ̀ yọ nínú àpò ìyàwó rẹ̀. Kò ju èékánná lọ. Ó fi í sápò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ wọn ni pé olúkúlùkù ló ń yẹ ẹrù ara rẹ̀ wò láàárọ̀. Wàá ṣí àgbá, wàá tì í padà, wàá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rọ́bà àgbá náà jò títí fèrè yóò fi dún, lẹ́yìn náà o ti múra tán nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn. Ìwọ̀sí ni. Bíi kí èèyàn wọ ilé onílé lọ tọ́ ọbẹ̀ wò.

Katakata jẹ́ kí tirẹ̀ dún kí gbogbo èèyàn gbọ́. Nígbà tí wọ́n lọ mu tíì, ó fi igi ìṣáná ti òwú náà bọ inú ojú fèrè. Ó rọra tẹ̀ ẹ́. Ìdánwò ṣáà ni. Kò sí iná nínú ilé gíga lẹ́yìnkùlé, àfi àtẹ̀gùn àti yanrìn. Tó bá parí, á yọ ọ́. Ta ló máa mọ̀?

Aago iná lù kí wọ́n tó mu tíì wọn tán.

Nínú ọkọ̀, Katakata ti ọwọ́ sẹ́yìn. Ó fi èékánná wá òwú náà nínú fèrè. Ó fi kọ́kọ́rọ́ wá a. Òwú náà kàn ń wọlé sí i. Jẹ́jẹ́ jókòó sí ìdojúkọ rẹ̀, ó ń di okùn akoto rẹ̀.

"Kí lò ń wá lẹ́yìn?"

"Bẹ́líìtì ni."

Ọ̀gá wà níwájú. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ nìkan ni Katakata ń rí. Ó la ẹnu.

"Sà."

"Kí ló dé?" Ọ̀gá kò yíjú.

Ẹ̀rọ ọkọ̀ ń ké. Òpópónà ń sá lọ sẹ́yìn. Gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀.

"Kò sí, sà."

Ilé alájà mẹ́ta. Èéfín ń tú jáde lójú fèrèsé àárín. Obìnrin kan dúró níwájú ilé, bàtà lẹ́sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì lásán.

"Bàbá mi wà lókè. Wọn kì í gbọ́rọ̀ dáadáa. Mo pariwo, pariwo, wọn ò gbọ́."

"Ilẹ̀kùn wo?" ni Jẹ́jẹ́ bi í.

"Ìkejì. Lọ́wọ́ òsì."

Òun àti Katakata fa ìbòjú wọ̀, wọ́n ṣí afẹ́fẹ́, wọ́n wọlé.

Àtẹ̀gùn dúdú. Ọwọ́ lára ògiri, ẹsẹ̀ ń wá ibi tó máa tẹ̀. Ooru ń bọ̀ láti òkè bí èémí ẹranko. Jẹ́jẹ́ wà níwájú. Katakata ń gbọ́ èémí tirẹ̀ nínú ìbòjú, ó wọlé, ó jáde, láìkánjú. Kò kà á sí nǹkan kan. Ó rò pé ẹ̀rù ló pa èémí náà lóhùn. Fèrè nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀. Fèrè tí kò ní dún. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, á kàn tán ni, lókè níbẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, pẹ̀lú bàbá olóbàbá lẹ́yìn rẹ̀ àti Jẹ́jẹ́ tó ń dúró de ariwo kan tí kò ní wá.

Wọ́n dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yí. Jẹ́jẹ́ dúró.

"Afẹ́fẹ́ tìẹ ńkọ́?"

Katakata gbé aago náà súnmọ́ ìbòjú. Dúdú. Ó nù ún. Dúdú.

"Mi ò rí i."

"Fi í sílẹ̀. Fèrè á sọ fún wa."

Jẹ́jẹ́ yíjú, ó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn tó kàn.

Katakata kò gbé ẹsẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Níbí, tara ẹlòmíràn ni yóò bá a dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Kí ni?"

"Kò ní sọ fún wa."

"Kí ni kò ní sọ?"

"Fèrè mi. Mo dí i. Òwú ni. Torí ìdánwò."

Lókè, iná ń run pákó. Jẹ́jẹ́ kò bú u. Ọwọ́ rẹ̀ wá èjìká Katakata nínú òkùnkùn, ó rí i, ó lù ú lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá yẹn ńkọ́?"

"Jáde." Lẹ́yìn náà ló bá rédíò ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tẹ́jú bíi ti ẹni tó ń ní kí wọ́n bu tíì fún òun. "Ọ̀gá, à ń jáde. Ẹ rán àwọn kejì wọlé. Ọwọ́ òsì, ilẹ̀kùn ìkejì. Ẹ yára."

Àwọn kejì fẹ̀gbẹ́ kàn wọ́n lórí àtẹ̀gùn. Katakata mọ bí ìfẹ̀gbẹ́kanra yẹn ṣe rí. Kò tíì gbàgbé ti ilé ìkẹ́rùsí.

Níta, obìnrin oníbàtà ẹsẹ̀ kan náà rí wọn tí wọ́n jáde lọ́wọ́ òfo.

"Bàbá mi dà?"

Katakata dúró lójú kan náà pẹ̀lú ìbòjú lọ́wọ́. Omi ń kán láti orí rọ́bà. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Èéfín ló ń jáde, kò sí nǹkan mìíràn. Èéfín. Èéfín. Ó gbọ́ tí ẹnì kan ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́, ó wá mọ̀ pé òun ni.

Wọ́n gbé bàbá náà jáde nínú aṣọ ibùsùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán, ó ń wúkọ́, ó sì ń ṣàròyé.

"Ta ló fọ́ ilẹ̀kùn mi?"

Ọmọ rẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àwọn ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ."

Jẹ́jẹ́ wá bá Katakata. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó mú aago tó wà léjìká ọkùnrin náà, ó fi àtàǹpàkò nu dígí rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì gbé e sókè sí i lójú.

"Wò ó."

Ó wò ó. Afẹ́fẹ́ tó kù ju ìdajì lọ dáadáa. Ó wo ti Jẹ́jẹ́. Díẹ̀ báyìí ni tòun fi dín sí ti obìnrin náà.

"Ò bá yege," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Ó lọ kó rọ́bà jọ.

Ọ̀gá kò pè é sí ọ́fíìsì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ló ti bá a sọ̀rọ̀, nígbà tí wọ́n ti ròyìn òwú náà fún un. Ó ti gba abẹ́rẹ́ aṣọ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó fi yọ òwú náà, ó sì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó kéré. Èéfín ti sọ ọ́ di dúdú.

"Èémí ẹ ti dáa. Gbogbo wa ló rí i. Ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀ mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo bi ẹ́ nínú ọkọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O sọ pé kò sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìdí pọ́ǹpù," ni Ọ̀gá wí, ó sì ju òwú náà sínú omi tó ń ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Katakata ló ń ṣọ́ pọ́ǹpù báyìí. Jẹ́jẹ́ ń bá ẹlòmíràn wọlé. Àwọn méjèèjì ṣì jọ ń sáré láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló sì ń bá táyà jà. Kò sí ẹni tó ń dá yẹ fèrè ara rẹ̀ wò mọ́ níbi iṣẹ́ wọn. Ẹni tí wọ́n jọ ń wọlé ló ń bá a yẹ̀ ẹ́ wò.